ANNA HINDERER, ÌYÁ ÀWỌN ỌMỌ NÍ KÚDẸTÌ

Ìtàn ẹni kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìwọ̀nba enìà díẹ̀ mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, li a fẹ́ sọ li oṣù yi. Ẹnití ó bá ti Challenge wá, tí ó sì gba Mọ̀lété kọjá sí ìhà Kúdẹtì, ilé ni yio máa rí lọ́tùn-ún lósì. Yio gbọ́ ariwo ọkọ̀ àti igbe àwọn ọlọ́jà, yio sì rí àwọn ọmọdé nínú aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ oríṣiríṣi. Nígbàtí obìnrin tí a ńsọ̀rọ̀ rẹ̀ yi dé Kúdẹtì li ọdún 1853, kò sí Ring Road, kò sí Challenge, ẹnikẹ́ni kò sì tíì lá àlá Bódìjà. Oko àti igbó ni gbogbo rẹ̀. Ìbàdàn fúnrarẹ̀ jẹ́ ìlú ológun, kò sì tíì pé ọgbọ̀n ọdún tí àwọn jagunjagun ti tẹ̀dó síbẹ̀. Orúkọ obìnrin náà ni Anna Hinderer. Ìyá ni nwọ́n ńpè é, bẹ́ẹ̀ni kò bí ọmọ kan rí.

Nwọ́n bí i ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 1827 ní Hempnall, ìletò kan ní ẹkùn Norfolk ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Anna Martin li orúkọ rẹ̀ kí ó tó lọ́kọ. Ọmọ ọdún márùn-ún péré ni nígbàtí ìyá rẹ̀ kú. Ẹnití ó bá mọ ohun tí ó jẹ́ pé kí ọmọdé má ní ìyá tí yio fọ ojú rẹ̀ li òwúrọ̀, tí yio sì kọ́ ọ bí a ti ńwọ aṣọ àti bí a ti ńkí àgbà, kì yio yà á lẹ́nu pé obìnrin yi lo ọjọ́ aiyé rẹ̀ lẹ́hìn àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Li ọdún 1839 ó lọ sí Lowestoft, ìlú kan létí òkun, ó sì ńgbé lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ níbẹ̀. Níbẹ̀ li ó ti mọ àlùfáà ìlú náà, Francis Cunningham, àti aya rẹ̀ Richenda. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn rẹ̀ tóbẹ́ẹ̀ tí ó fi wá ńgbé nínú ilé wọn bí ọmọ. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ sórí Richenda yi, nítorítí arábìnrin rẹ̀ ni Elizabeth Fry, obìnrin tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Elizabeth Fry li ó wọ inú ẹ̀wọ̀n Newgate ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó bá àwọn obìnrin àti àwọn ọmọ wọn nínú èérí àti ìjà. Li ọdún 1817 ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ náà nínú ẹ̀wọ̀n, ó sì fi abẹ́rẹ́ àti òwú lé àwọn ìyá wọn lọ́wọ́, kí nwọ́n lè ní iṣẹ́ tí nwọn yio máa ṣe. Inú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ li Anna ti dàgbà. Ní ilé wọn, wíwàásù fún òtòṣì nìkan kò tó. A ó kọ́ ọ bí a ti ńrán aṣọ pẹ̀lú.

Òun tìkararẹ̀ kò tíì kúrò li ọmọdé nígbàtí ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Lẹ́hìn èyí ó kó àwọn ọmọ aláìní ìlú náà jọ, àwọn tí aṣọ wọn ti gbó tí ẹnikẹ́ni kò sì bìkítà fún, ó sì sọ ara rẹ̀ di olùkọ́ wọn. Iye wọn pọ̀ sí i títí nwọ́n fi di ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀. Láti ìgbà èwe rẹ̀ wá ni ọkàn rẹ̀ ti ńfà sí ilẹ̀ òkèèrè.

Li oṣù kẹwàá ọdún 1852 ó fẹ́ David Hinderer, ọmọ Schorndorf ní ilẹ̀ Jámánì, ẹnití ẹgbẹ́ C.M.S. ti rán wá sí ilẹ̀ Yorùbá li ọdún 1849. Hinderer ti wọ Ìbàdàn li ọdún 1851, ó ti rí ìlú náà, àwọn olóyè sì ti gbà pé kí ó padà wá. Ó padà wá, ó sì mú aya rẹ̀ lọ́wọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1853 nwọ́n gúnlẹ̀ sí Èkó, nwọ́n gba Abẹ́òkúta kọjá, nwọ́n sì dé Ìbàdàn. Ibà ti bá aya náà jà lọ́nà kí ó tó rí ilé tí yio gbé.

Nísisìyí, kí a sọ òtítọ́. Ìbàdàn kìí ṣe ìlú tí kò mọ bí a ti ńtọ́ ọmọ. Kò sí ilé kan ní Ìsàlẹ̀-Ọṣun tàbí Òkè-Àrẹ̀mọ tí ọmọ ọdún mẹ́fà kò ti mọ bí a ti ńpọn omi, bí a ti ńgbálẹ̀, bí a ti ńdọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ kí àgbà, àti bí a ti ńka owó ẹyọ ní márùn-ún márùn-ún láìṣìnà. Ọmọbìnrin ńran òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ọmọkùnrin ńtẹ̀lé baba rẹ̀ lọ sí oko, bí ó bá sì dàgbà, ó tẹ̀lé olórí ogun. Ohun tí ọmọ yio fi jẹun li a kọ́kọ́ ńfi kọ́ ọ. Nítorínáà, nígbàtí òyìnbó dé tí ó ní kí nwọ́n fún òun li ọmọ kí òun kọ́ wọn ní ìwé, àwọn baba bi ara wọn léèrè ohun tí ìwé yio fi ṣe ní ìlú tí idà ńbọ́. Nwọ́n bẹ̀rù pé ọmọ tí ó bá jókòó ti ìwé yio di ojo àti ọ̀lẹ, kì yio lè gbé ìbọn, kì yio sì lè ro oko. Bí a bá rò ó wò, ìbẹ̀rù náà kìí ṣe ti òmùgọ̀. Àwọn òbí kan wà li òde òní tí nwọ́n ńbẹ̀rù ohun kan náà.

Ṣùgbọ́n àwọn kan gbìyànjú rẹ̀ wò. Ìjòyè kan tí nwọ́n ńpè ní Olúnlọ́yọ̀ fi ọmọ rẹ̀ méjì sílẹ̀ fún Ìyá: ọmọkùnrin kan, tí àwọn òyìnbó ńkọ orúkọ rẹ̀ ní Akielle, àti ọmọbìnrin kan, Yéjídé. Àwọn ọmọ mìíràn tẹ̀lé wọn, ọ̀kan lónìí, ọ̀kan lọ́la. Àwọn kan wá kọ́ ìwé nìkan, nwọ́n sì ńpadà sílé. Àwọn kan ńgbé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí nwọ́n ńsùn, tí nwọ́n sì ńjí nínú ọgbà náà. Àwọn tí ó ńgbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yi ni iṣẹ́ Ìyá múlẹ̀ jù lọ nínú wọn.

Nítorí kíni? Nítorítí kìí ṣe li orí ìjókòó ilé-ẹ̀kọ́ nìkan li ó ti ńkọ́ wọn. A, B, D wà níbẹ̀, orin wà níbẹ̀, ó tilẹ̀ ní dùrù kan tí àwọn enìà ìlú ńwá wò tí nwọ́n sì ńyà wọ́n lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kò parí nígbàtí a bá pa ìwé dé. Fífọ aṣọ wà níbẹ̀, títọ́jú ilé wà níbẹ̀, ìmọ́tótó ara, jíjẹun pọ̀ láìjà, àti bí ẹ̀gbọ́n ti ńtọ́jú àbúrò tí kìí ṣe ọmọ ìyá rẹ̀. Ọmọ ìjòyè àti ọmọ tí a rà padà kúrò li oko ẹrú jókòó pa pọ̀, nwọ́n sì jùmọ̀ ṣe iṣẹ́ kan náà. Ní ìlú tí ẹrú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ li ayé ìgbà náà, èyí kìí ṣe ohun kékeré. Ó lè jẹ́ pé òun li ẹ̀kọ́ tí ó le jù nínú gbogbo wọn.

Ti abẹ́rẹ́ yẹ fún àlàyé díẹ̀. Àwọn obìnrin Yorùbá li ó ńran òwú, àwọn li ó ńrẹ aró, àwọn li ó sì ńwun kíjìpá lórí òfì ìdúró. Ṣùgbọ́n gígé aṣọ, rírán dàńdógó àti agbádá, àti fífi òwú ṣe ọnà sára wọn, ọwọ́ àwọn ọkùnrin li ó wà. Ìyá fi abẹ́rẹ́ lé àwọn ọmọbìnrin lọ́wọ́. Ẹnití ó bá ti kọ́ ọmọ ọdún márùn-ún ní ìránṣọ rí yio mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀: òwú ńta kókó, abẹ́rẹ́ ńgún ìka, ọmọ náà sì ńfẹ́ kí ó ti parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ yio tú u, ọmọ yio tún un ṣe. Lẹ́hìn ọjọ́ púpọ̀ ni ìránṣọ kan yio tọ́. Ṣùgbọ́n nígbàtí ó bá tọ́, ọmọ náà ti kọ́ sùúrù pẹ̀lú, a kò sì fi ẹnu sọ ọ́ fún un rárá.

Mo ńkọ èyí fún àwọn olùkọ́ tí ó wà nínú wa, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kékeré ti pọ̀ nísisìyí láti Àgbọ́wọ́ títí dé Challenge, owó tí àwọn òbí sì ńsan níbẹ̀ kìí ṣe kékeré. A ńrí ọmọ ọdún mẹ́rin tí ó lè ka iye títí dé ọgọ́rùn-ún li èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí kò lè di okùn bàtà rẹ̀, tí kò lè fọ abọ́ tí ó fi jẹun, tí kò sì mọ bí yio ti kí ìyá arúgbó tí ó wọlé. Ọmọ náà kò jẹ̀bi. Ẹnìkan ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe.

Kò yẹ kí a sọ Ìyá di angẹli. Ní àwọn ìgbà mìíràn ó sọ̀rọ̀ ilé àwọn enìà Ìbàdàn nínú àwọn ìwé tí ó kọ sí ilé bí ẹnipé kò sí ọgbọ́n kan níbẹ̀ kí òun tó dé, bẹ́ẹ̀ni àwọn ìyá tí ó ńgbé àyíká rẹ̀ ti tọ́ àwọn ọmọ tí ó tẹ ìlú náà dó. Àwọn ọmọ tí ó tọ́ pẹ̀lú ní ìnira tiwọn: nwọn kìí ṣe òyìnbó, nwọn kò sì bá ẹgbẹ́ wọn lọ síbi òrìṣà ilé wọn mọ́, àwọn mìíràn sì jìyà lọ́wọ́ àwọn ẹbí wọn nítorí rẹ̀. Èyí náà wà nínú ìtàn.

Li ọdún 1854 nwọ́n kọ́ ilé ìsìn sí Kúdẹtì, èyítí a ńpè ní St. David lónìí. Li ọdún tí ó tẹ̀lé e, ibà pa Kefer, ọ̀kan nínú àwọn alábàṣiṣẹ́pọ̀ wọn. Àwọn méjèèjì fúnrawọn ńṣàìsàn léraléra, títí nwọ́n fi padà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì li ọdún 1856 láti sinmi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1858 nwọ́n ti padà sí Ìbàdàn. Àwọn ọmọ dúró, ilé-ẹ̀kọ́ dúró. Daniel Olúbí, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó ti bá wọn wá gẹ́gẹ́bí ọ̀dọ́mọkùnrin ìránṣẹ́, ti di olùkọ́ ní tirẹ̀.

Lẹ́hìn náà ni ogun dé. Aláàfin Àtìbà wàjà li ọdún 1859, ọmọ rẹ̀ Adélù sì gorí ìtẹ́. Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè, kò gbà fún un, Ìbàdàn sì gbé ogun ti Ìjàyè li ọdún 1860. Ẹ̀gbá lọ ran Ìjàyè lọ́wọ́. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì sé ọ̀nà Èkó mọ́ Ìbàdàn. Ìjàyè ṣubú li oṣù kẹta ọdún 1862, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò ṣí. Ọdún márùn-ún gbáko ni ọgbà Kúdẹtì fi wà bí erékùṣù. Owó tí ẹgbẹ́ C.M.S. ńfi ránṣẹ́ kò wọlé mọ́, àpótí aṣọ tí àwọn ọ̀rẹ́ láti Lowestoft àti ibòmíràn ti dì fún àwọn ọmọ kò kọjá etí òkun. Kí òǹkàwé má sì gbàgbé pé owó ẹyọ li owó ìgbà náà. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 ẹyọ, ẹrù enìà kan sì ni. Kò sí bí a ti lè fi irú owó bẹ́ẹ̀ pamọ́ sínú àpò ẹnití yio gba inú ogun kọjá.

Ilé kan tí ó kún fún ọmọ, tí owó kò wọ̀! Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí ta ohun ìní rẹ̀. Aṣọ rẹ̀, aṣọ títa ilé, agolo àti àpótí páànù tí nǹkan ti tán nínú wọn, gbogbo rẹ̀ di owó ẹyọ li ọjà, owó ẹyọ sì di iṣu àti àgbàdo. Ní ìgbà tí ó burú jù, ẹ̀wà tí a fi epo àti ata díẹ̀ sè ni òun àti ọkọ rẹ̀ ńjẹ. Àwọn ará ìlú ṣàánú wọn pẹ̀lú. Ó jẹ́ ohun ìyìn fún àwọn obìnrin Ìbàdàn pé nwọ́n fi owó àti oúnjẹ wín wọn láìmọ ìgbà tí a ó san án. Ìdààmú yi kò jẹ́ kí ó lé ọmọ kan jáde. Dípò èyí ni nwọ́n ńpọ̀ sí i, nítorí nígbàtí Ìjàyè fọ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ni nwọ́n kó wọ Ìbàdàn bí ẹrú, ó sì ra díẹ̀ padà nínú wọn. Edward Roper, òyìnbó C.M.S. tí ó wà ní Ìjàyè, bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun pẹ̀lú, ó sì wá di ọ̀kan nínú àwọn tí ó ńjẹun ní Kúdẹtì.

Ẹnití ó bá ti ṣe ìyá nínú ilé ńlá rí yio mọ̀ pé ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ilé tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ iṣẹ́ kò lè dúró li oṣù mẹ́ta. Aṣọ titun kò sí. Ti àtijọ́ li a ó lẹ̀. Ẹni tí a ó bẹ̀ li ọ̀wẹ̀ kò sí, nítorí owó kò sí; àwọn ọmọ li ó gbọ́dọ̀ fọ̀, tí nwọn yio gbá, tí nwọn yio pọn, tí àgbà inú wọn yio sì kọ́ èwe ní ìwé nígbàtí Ìyá bá dùbúlẹ̀ nínú ibà. Abẹ́rẹ́ tí àwọn baba ti rò pé eré òyìnbó ni di ohun tí ó ńbo ìhòòhò. Kò sí ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ tí ó tó ìyẹn.

Li oṣù kẹrin ọdún 1865, ara Ìyá ti rẹ̀ tóbẹ́ẹ̀ tí ìròhìn rẹ̀ fi dé Èkó. Glover, tí ó ńṣe àkóso Èkó nígbà náà, rán Captain Maxwell àti àwọn ọkùnrin díẹ̀ láti la ọ̀nà titun gba inú igbó ilẹ̀ Rẹ́mọ. Òru ni nwọ́n kan ilẹ̀kùn ọgbà Kúdẹtì. Kò sí àyè fún ìdágbére gígùn, nítorí bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ìròhìn bá sì tàn, àwọn ọ̀tá lè dènà dè wọ́n. Ìyá kò fẹ́ lọ láìsí ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró ti àwọn ọmọ àti ìjọ. David Hinderer li ó dúró. Nwọ́n gbé e lórí ibùsùn alásorọ̀, nwọ́n sì sáré bá a la igbó kọjá títí dé Èkó. Àwọn ọmọ tí ó sùn li alẹ́ tí Ìyá wà nílé, li òwúrọ̀ nwọn kò bá a mọ́. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀lé e lẹ́hìn oṣù díẹ̀.

Àwọn dókítà kò fẹ́ kí ó padà wá mọ́. Ó padà wá. Li òpin ọdún 1866 ó tún wà ní Kúdẹtì, ó sì bá àwọn ọmọ tí ó ti fi sílẹ̀ li ọmọdé tí nwọ́n ti di géńdé, tí àwọn kan nínú wọn ńkọ́ àwọn ọmọ kékeré mìíràn. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti tán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1869 òun àti ọkọ rẹ̀ fi Ìbàdàn sílẹ̀, kò sì tún padà. Ní Martham, ní Norfolk tí a ti bí i, ó ṣì ńkó àwọn ọmọ jọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ títí ikú fi dé li ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1870. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni. Li ọdún 1872 nwọ́n tẹ àwọn ìwé tí ó kọ sí ilé jáde, láti inú rẹ̀ li aiyé ti mọ púpọ̀ nípa Ìbàdàn ìgbà náà.

Lẹ́hìn tí nwọ́n lọ, kò sí òyìnbó tí ó ńgbé Ìbàdàn láti ṣe olórí iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ogun Kírìjí bẹ́ li ọdún 1877, a kò sì tú ibùdó ká títí di ọdún 1893. Olúbí, tí nwọ́n fi jẹ diakoni li ọdún 1871, li ó di Kúdẹtì mú nínú gbogbo wàhálà náà, àwọn ọmọ ilé Ìyá sì dúró tì í. Robert Scott Oyèbọ̀dé jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó di olùkọ́, lẹ́hìn náà ó di àlùfáà. Kò sí ẹnití ó lè sọ pé òyìnbó li ó ńkọ́ àwọn ọmọ Ìbàdàn li ọdún wọnnì. Àwọn ọmọ tí a ti kọ́ ni, nwọ́n sì ńkọ́ ọmọ bí a ti kọ́ àwọn, pẹ̀lú ìwé àti pẹ̀lú iṣẹ́ ilé. Li ọdún 1899 ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Kúdẹtì. Li ọdún 1950 a so ó pọ̀ mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin C.M.S. ti Èkó, a sì sọ wọ́n di St. Anne's School, tí ó wà ní Mọ̀lété títí di òní.

Ní ti ọmọ Olúnlọ́yọ̀, nígbàtí nwọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, Ìyá ro ti àlùfáà àtijọ́ tí ó gbà á sílé nígbàtí kò ní ìyá, àti ti ìlú tí ó ti kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ aláṣọ gbígbó jọ. Francis Lowestoft Akielle ni nwọ́n sọ ọ́. Orúkọ náà li ó jẹ́ títí, òun náà sì ṣe iṣẹ́ olùkọ́ nínú ìjọ.